Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tí Ń Kó Lọ Sí Indianapolis Nítorí Ilé Owó Pọ́ọ́kú

Nígbà tí owó ilé bá ti wọ àwọn ènìyàn wa lọ́rùn ní New York, ní Maryland tàbí ní Los Angeles, Indianapolis wà lára àwọn ìlú tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀. Olú ìlú ìpínlẹ̀ Indiana ni, ní agbègbè Midwest ní Amẹ́ríkà, owó tí ènìyàn sì fi ń ra fúláàtì kékeré ní Brooklyn lè ra odindi ilé tó ní àgbàlá níbẹ̀. Ìlú náà tura, iṣẹ́ wà níbẹ̀, inú mi sì máa ń dùn nígbà tí ará ilé tuntun bá dé. Ohun tí ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti tọwọ́ bọ ìwé kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀. Iye tí wọ́n ń ta ilé ni wọ́n wò; wọn kò wo iye tí yóò máa ná wọn láti gbé inú rẹ̀ àti láti ti inú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Àwọn yìí ni àṣìṣe tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún.

Ẹ má ṣe fi owó orí ẹni tó ta ilé fún yín ṣírò tiyín

Èyí ni ó ń ná àwọn ènìyàn wa lówó jù lọ, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Òdiwọ̀n wà fún owó orí ilé ní Indiana, ó sì ti wà nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà láti ọdún 2010. Owó orí ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba dá lé e. Ti ilé tí ayálégbé ń gbé kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là méjì lọ. Ti ilé ìtajà àti ilé iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ. Owó tí àwọn ará agbègbè bá dìbò fún láti fi ran ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ́wọ́ nìkan ni òdiwọ̀n yìí kò ká. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé tí ìjọba dá iye 250,000 dọ́là lé. Bí ẹ bá ń gbé inú rẹ̀, 2,500 dọ́là ni òdiwọ̀n yín lọ́dún. Bí àkọsílẹ̀ bá ṣì ń pè é ní ilé ayálégbé, ó lè dé 5,000.

Àǹfààní dọ́là kan yìí, tí wọ́n ń pè ní homestead, kì í ṣàdéédéé wá bá onílé. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ ìwé sí ọ́fíìsì Auditor, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí, ní Marion County, ìyẹn county (ìpín ìjọba ìbílẹ̀) tí Indianapolis wà nínú rẹ̀, pé ibẹ̀ ni ẹ ń gbé. Ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn ènìyàn wa ń rà jẹ́ ilé tí olówó kan ti fi ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé tẹ́lẹ̀, nítorí náà bí ẹni tó rà á kò bá kọ ìwé, owó orí ayálégbé ni yóò máa san lórí ilé tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà. Bí lẹ́tà kan bá dé tí ó ní kí ẹ san owó kí wọ́n lè bá yín kọ ọ́, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀.

Àwọn tó ra ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ìkìlọ̀ tiwọn. Ti èṣí ni à ń san lọ́dún yìí ní Indiana, ní ẹ̀ẹ̀mejì, nínú oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá. Ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ lásán ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ìjọba dá iye lé e, nítorí náà owó orí àkọ́kọ́ yóò kéré gan-an, báǹkì yóò sì fi iye kékeré yẹn ṣírò ohun tí ẹ ó máa san lóṣooṣù. Nígbà tó bá yá, owó orí odindi ilé yóò dé. Báǹkì yóò gbé owó oṣooṣù sókè, yóò sì tún béèrè àfikún láti fi dí èyí tó ti bá yín san. Láti ọjọ́ ìfọwọ́síwèé ni kí ẹ ti ní kí ẹni tó ń yá yín lówó fi owó orí odindi ilé ṣírò. Bí kò bá gbà, ẹ máa fi ìyókù pamọ́ lóṣooṣù, nítorí yóò di dandan.

Bákan náà, àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti ra ilé kejì kí wọ́n sì máa fi èkíní gba owó ilé, ìfẹ́ rere sì ni. Ilé kan ṣoṣo ni àǹfààní homestead wà fún. Ẹni tó bá kó kúrò nínú ti àkọ́kọ́ láìfi tó ọ́fíìsì náà létí yóò san gbogbo owó orí tó ti jẹ sẹ́yìn, pẹ̀lú owó ìtanràn.

Orúkọ Indianapolis nìkan kò tó

Lọ́dún 1970, nígbà tí Richard Lugar jẹ́ olórí ìlú, wọ́n da ìjọba Indianapolis àti ti Marion County pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò da ètò ilé ẹ̀kọ́ pọ̀. Ìdí nìyí tí agbègbè ilé ẹ̀kọ́ 11 fi wà nínú county kan ṣoṣo títí di òní. Ilé méjì tí òpópónà kan là láàárín lè wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń kọ Indianapolis sí àdírẹ́sì wọn. Àwọn township, ìyẹn ìpín kéékèèké inú county, bíi Pike, Wayne, Lawrence, Perry àti Warren kò rí bákan náà, owó orí wọn pàápàá kò dọ́gba. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ béèrè township àti agbègbè ilé ẹ̀kọ́ kí ẹ tó béèrè iye yàrá. Àwọn kan a tún sáré lọ sí Carmel tàbí Fishers, ní Hamilton County, nítorí pé orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ilé ibẹ̀ wọ́n, ohun tí ẹ sì tìtorí rẹ̀ kúrò ní ibi tí ẹ wà lè bá yín níbẹ̀. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú, lápá Lafayette Road, ni àwọn ilé ìtajà oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ sí. Ẹni tí kò lè ṣe aláìní èlùbọ́ yóò fẹ́ mọ bí ilé rẹ̀ ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó.

Ọkọ̀ kan kò tó fún tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó ti mọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lára ní New York kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Bọ́ọ̀sì wà ní Indianapolis: IndyGo ni ó ń darí rẹ̀, ipa Red Line bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019, Purple Line sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024. Wọ́n wúlò gan-an fún ẹni tó ń gbé lẹ́bàá wọn. Àmọ́ àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà ní Plainfield àti Whitestown, lẹ́yìn odi county. Ọ̀nà I-465 tó yí ìlú ká tó nǹkan bí máìlì 53, nítorí náà ilé àti ibi iṣẹ́ lè wà nínú ìlú kan náà kí wọ́n sì jìnnà síra. Ẹ wo ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ibùdó FedEx ní pápákọ̀ òfurufú, tí ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn níhà àríwá ní aago méje àárọ̀. Bí ọkọ̀ wọn bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹnì kan nínú wọn kò ní pẹ́ pàdánù iṣẹ́. Ọkọ̀ méjì, epo méjì àti ìnṣọ́ránsì méjì ni kí ẹ fi sínú ìṣirò láti ilẹ̀.

Lórí ìnṣọ́ránsì, òfin Indiana ní kí ènìyàn ra ó kéré tán 25,000 dọ́là fún ẹnì kan tó bá fara pa, 50,000 fún gbogbo àwọn tó bá fara pa, àti 25,000 fún ohun ìní tó bá bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ iye tí ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ń gbà yóò rí i pé iye yẹn kò tó, pàápàá tí ẹ bá ti ní ilé tí ẹjọ́ lè gbà lọ́wọ́ yín. Láàárín 60 ọjọ́ tí ẹ bá di ará ìpínlẹ̀ náà ni kí ẹ gba ìwé ìwakọ̀ ibẹ̀.

Owó oṣù, owó orí àti ìwé àṣẹ

Iṣẹ́ kò wọ́n ní Indianapolis. Eli Lilly, tí ń ṣe oògùn, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1876, àwọn ilé ìwòsàn pọ̀, iṣẹ́ ẹrù kíkó kò sì dáwọ́ dúró. Àṣìṣe ni láti rò pé owó oṣù tí ẹ ń gbà ní etí òkun ni wọn yóò san fún yín níbẹ̀. Owó tó kéré jù tí òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n san fún wákàtí kan ṣì jẹ́ dọ́là 7.25, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òfin kò fipá mú wọn. Àwọn tó ń ti Texas bọ̀, níbi tí ìpínlẹ̀ kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́, ní láti mọ̀ pé Indiana ń gba tirẹ̀, dọ́là 3 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún 2025, tí Marion County sì ń gba ohun tó lé díẹ̀ ní dọ́là 2 lé e. Ibi tí ẹ ń gbé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni ó ń pinnu county tí yóò gba owó yín fún odindi ọdún náà, èyí sì yẹ ní ríronú sí fún ẹni tó fẹ́ ti county kan bọ́ sí òmíràn ní ìparí ọdún.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Indiana wà nínú àjọṣe àwọn ìpínlẹ̀ tí ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì kan náà ń ṣiṣẹ́ láàárín wọn, láti ọdún 2020. New York àti California kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó má baà wà nínú ilé tuntun láìní ìwé tí yóò fi ṣiṣẹ́ san owó rẹ̀.

Àwọn yòókù

Ẹ má ṣe dáwọ́ sísan owó ilé dúró nítorí pé onílé kọ̀ láti tún nǹkan ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbà bẹ́ẹ̀, Indiana kò fún ayálégbé ní ààyè yẹn, onílé sì lè fi í gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti lé yín jáde. Ẹ máa san owó yín, ẹ ya fọ́tò ohun tó bàjẹ́, ẹ kọ ẹ̀dùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Nígbà tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ fún onílé ní àdírẹ́sì yín tuntun nínú ìwé, nítorí bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 45 tí òfin fún un láti dá owó ìdúró (security deposit) yín padà kò ní bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe ra ilé tó ní àjàalẹ̀ láìbéèrè bóyá omi ń wọ ibẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ilé kì í sábà san ẹ̀san irú omi bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹ bá rà á kún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ amúlégbóná wò kí òtútù tó dé, torí ní oṣù Kìíní ọdún 2014, òtútù ìlú náà dé nǹkan bí ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo ní Celsius, kò sì sí ẹni tó ń rí àtúnṣe kíá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Fèrè ìkìlọ̀ ìjì ààjà tí ẹ bá gbọ́ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìdánwò ni. Bí ó bá dún ní àkókò mìíràn, ẹ má ṣe jáde lọ wo ojú ọ̀run: ẹ kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ sí àjàalẹ̀, tàbí sí yàrá inú pátápátá tí kò ní fèrèsé.

Ẹ sì wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yín yóò parí kí ẹ tó di ẹrù. Washington, New York àti Atlanta ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba wa wà ní Amẹ́ríkà, Indianapolis kò sì sún mọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ó sàn kí ẹni tó ń gbé nítòsí wọn tún un ṣe kí ó tó kúrò níbẹ̀.