Bí A Ṣe Ń To Ìràwọ̀ Tó Ju Bílíọ̀nù Kan Lọ Sínú Dátàbéèsì

Kíka ìràwọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Wọ́n ti bá wa kà á. Gaia, ẹ̀rọ awò tí àjọ òfúrufú ilẹ̀ Yúróòpù fi ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run ní December 2013, ló kà á, àtẹ̀jáde rẹ̀ kẹta tí wọ́n ń pè ní DR3 sì jáde ní 13 June 2022 pẹ̀lú ìlà 1,811,709,771. Iṣẹ́ tó kù ni kí a kó gbogbo rẹ̀ síbi kan, kí ẹni tó bá wá ẹyọ kan rí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kó sì jẹ́ èyí tó ń wá gan-an. Mo ti bá àwọn èèyàn tú irú iṣẹ́ yìí palẹ̀ ká tó tún un ṣe, ibì kan náà ló sì máa ń bàjẹ́ sí. A máa dé ibẹ̀.

1. Ìbéèrè ló ṣáájú tábìlì

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àká dátà Sloan Digital Sky Survey, iṣẹ́ yíya àwòrán ojú ọ̀run tí ẹ̀rọ awò rẹ̀ wà ní Apache Point ní New Mexico, Jim Gray, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ dátàbéèsì, bá Alex Szalay àti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìbéèrè 20 tí àwọn onímọ̀ ń fẹ́ bi dátà náà. Àwọn ìbéèrè yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi mọ bí ilé náà ṣe máa rí.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni kí ẹ fi kọ ọ́: “Gbogbo ìràwọ̀ pupa tó wà láàárín dígírì kan sí ibi báyìí.” “Gálásì (galaxy) wo ló wà nínú àwòrán tọdún yìí tí kò sí nínú ti ọdún tó kọjá?” Ẹni tí kò bá lè kọ mẹ́wàá, kó tíì má náwó lé sáfà (server).

2. Tábìlì àti irú nọ́ńbà

PostgreSQL, ètò dátàbéèsì kan, ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni. Tábìlì Gaia ní òpó tó ju 100 lọ, àmọ́ mẹ́wàá tàbí méjìlá ni èèyàn ń bi léèrè lójoojúmọ́. Nítorí náà, mo máa ń ṣe tábìlì méjì: tínínrín kan tó ní ibi tí ìràwọ̀ wà, bó ṣe ń tàn tó àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, àti fífẹ̀ kan fún ìyókù. Tínínrín yẹn ló ń gba èèyàn lọ́jọ́ tí ìbéèrè bá pọ̀.

Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún níbí. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ má fi òǹkà kékeré, èyí tí PostgreSQL ń pè ní real tàbí float4, tọ́jú àdírẹ́sì ìràwọ̀ torí pé ẹ fẹ́ ṣọ́ àyè. Tí nọ́ńbà dígírì bá ti kọjá 256, òǹkà kékeré ò lè ṣe ìyàtọ̀ tó dín sí nǹkan bíi 0.11 arcsecond. Arcsecond ni ohun tí a máa rí tí a bá pín dígírì kan sọ́nà 3,600. Gaia sì wọn nǹkan tó kéré sí èyí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ lo òǹkà ńlá, double precision.

Ẹ̀ẹ̀kejì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ jẹ́ bigint, ìyẹn odidi nọ́ńbà gígùn, kò sì gbọdọ̀ gba inú Excel kọjá. Ẹ wo Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú DR3 ni 5853498713190525696. Gbàrà tí ẹ bá ṣí i nínú Excel, ó ti di 5853498713190520000. Excel kì í rántí ju òǹkà 15 àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà lọ, òdo ló fi ń dí ìyókù. Ó sì lè má kìlọ̀ fún yín. Nígbà tí ẹ bá fi nọ́ńbà yẹn wá ìràwọ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ óò wá máa bú dátàbéèsì. TOPCAT ni kí ẹ fi ṣí fáìlì tí ẹ bá fẹ́ wò ó lójú. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, nítorí ìràwọ̀ ni wọ́n sì ṣe kọ ọ́.

3. Ojú ọ̀run kì í ṣe ìwé pẹlẹbẹ

Ibí ni mo ń sọ lókè. Ẹ jẹ́ ká fìdí kalẹ̀ sí i.

Nọ́ńbà méjì ni àdírẹ́sì ìràwọ̀. RA (right ascension) ń yí ojú ọ̀run po láti dígírì 0 dé 360. Dec (declination) ń lọ láti -90 ní ìparí gúúsù dé +90 ní ìparí àríwá. Ẹni tó bá rí i báyìí á rò pé gíráàfù tí a ń yà nílé ìwé náà ni. Á kọ “RA láàárín 10 sí 11, Dec láàárín 60 sí 61”, á sì ní òun ti gé igun mẹ́rin tó dọ́gba. Irọ́ ni. Ojú ọ̀run dà bí inú igbá méjì tí a dé mọ́ra wọn, ìlà RA sì dà bí awẹ́ ọsàn: ó fẹ̀ láàárín, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sí ìdí. Ní Dec 60, dígírì kan RA ti di ààbọ̀. Nítòsí Polaris, ìràwọ̀ àríwá, tó wà ní nǹkan bíi Dec 89.26, dígírì kan RA ò ju nǹkan bíi 46 arcsecond lọ. Ẹni tó bá fi gígé oníwèé pẹlẹbẹ wá ìràwọ̀ níbẹ̀ á pàdánù èyí tó pọ̀ ju èyí tó rí lọ.

Ìṣòro tún wà níbi tí RA 360 ti pàdé 0. Ìràwọ̀ tó wà ní RA 359.9999 àti èyí tó wà ní 0.0001 ò jìnnà síra ju 0.72 arcsecond lọ, ṣùgbọ́n dátàbéèsì tí ẹ kò bá là lóye á gbà pé ọ̀kan wà nílùú, ọ̀kan wà lókè òkun. Mo rí àwòrán kan rí tí àlàfo gbọọrọ là á láti òkè délẹ̀ ní RA 0. Ẹni tó ni ín ti ń wá ìdí sáyẹ́ǹsì tí ìràwọ̀ ò fi sí níbẹ̀.

Ẹ má kọ ìṣirò yìí fúnra yín. Àwọn tó ṣáájú ti pín igbá náà sí ojúlé. Sloan lo HTM, tó bẹ̀rẹ̀ láti onígun mẹ́ta 8, tí a wá ń pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin léraléra. Gaia lo HEALPix, tó bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé 12 tó dọ́gba ní fífẹ̀. Kódà ojúlé yẹn wà nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ Gaia, bí orúkọ ọmọ tó ń sọ agboolé rẹ̀: ẹ fi 34359738368 pín nọ́ńbà náà, ẹ ju àṣẹ́kù nù, ojúlé ìràwọ̀ náà nínú ìpín kejìlá HEALPix ló bọ́ síta yẹn.

Fún PostgreSQL, Q3C, àfikún tí Sergey Koposov kọ, ni mo ń lò. Ẹ ṣe índẹ́ẹ̀sì lórí q3c_ang2ipix(ra, dec), ẹ fi CLUSTER to tábìlì tẹ̀ lé índẹ́ẹ̀sì náà kí aládùúgbò lè sùn nítòsí ara wọn lórí dísíkì, kí ẹ wá ṣe ANALYZE kí PostgreSQL lè mọ bí dátà náà ṣe rí. Ẹni tó bá fo CLUSTER torí pé ó ń pẹ́ á san án padà lójoojúmọ́.

Pàkúté Q3C fúnra rẹ̀ nìyí. Nínú q3c_radial_query, tó ń wá ìràwọ̀ yí ibì kan ká, òpó tábìlì yín ló ń ṣáájú, ibi tí ẹ ń wá ló ń tẹ̀ lé e. Nínú q3c_join, tó ń so tábìlì méjì pọ̀, ó yí padà: tábìlì ńlá tó ní índẹ́ẹ̀sì ló ń kẹ́yìn. Tí ẹ bá gbé e sódì, ìdáhùn á tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ óò jẹun, ẹ óò sùn, ẹ óò jí, kò ní tíì parí. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ lẹ tiyín náà.

Ó ku ọ̀kan: ìràwọ̀ ń rìn. Ìràwọ̀ Barnard ń sún ju 10 arcsecond lọ lọ́dọọdún. Àwọn tó ṣe 2MASS, àkójọ ìràwọ̀ mìíràn, wo ojú ọ̀run láàárín 1997 sí 2001, ọdún 2016 sì ni àdírẹ́sì DR3 dúró lé. Tí ẹ bá ń fi 3 arcsecond so tábìlì méjèèjì pọ̀, Barnard á ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ dá ìràwọ̀ padà sí ọdún kan náà kí ẹ tó wọn àlàfo.

4. Kíkó dátà wọlé

Ẹ fi MD5, àmì tó ń fi hàn pé fáìlì ò bàjẹ́ lọ́nà, yẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó kó o wọlé. Fáìlì Gaia DR3 ní ìlà àlàyé tó fi # bẹ̀rẹ̀, “null” ló sì kọ síbi tí nǹkan ò sí. Ẹ gé ti àkọ́kọ́ dànù, kí ẹ sọ ti èkejì fún COPY, àṣẹ PostgreSQL tó ń kó dátà wọlé. Ti Sloan, -9999 ló máa ń wà níbi tí ìwọ̀n ò sí. Ẹ sọ ọ́ di NULL (àyè òfìfo) lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnì kan máa wá ìpíndọ́gba ìmọ́lẹ̀, á sì bá ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí pàdé.

Fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kó wọlé, kí tábìlì kékeré kan máa ṣàkọsílẹ̀ èyí tó ti wọlé àti iye ìlà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ lóru, ẹ óò mọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò gbé gbogbo bílíọ̀nù náà, kó mú àwọn tó tàn ju ipele (magnitude) 15 lọ, ìyẹn àwọn tí nọ́ńbà ipele wọn kéré sí 15, kó fi DuckDB, dátàbéèsì kékeré kan, sórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìwé ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Àtẹ̀jáde tó ti jáde, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́

Àṣìṣe tí ẹ bá rí lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e jáde, inú àtẹ̀jáde tó ń bọ̀ ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ẹlòmíràn ti fi ti àná ṣiṣẹ́. Ẹ má sì gbà pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ kì í yí padà: nínú DR2, 5853498713160606720 ni Proxima ń jẹ́. Tábìlì dr2_neighbourhood ni Gaia fi so ti àtijọ́ mọ́ tuntun. Tiyín náà gbọdọ̀ ní irú rẹ̀.

Ibi tí àwòrán bá ti gun orí ara wọn, ìràwọ̀ kan á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má pa ìkejì rẹ́. Bíi ti Sloan, ẹ pe ọ̀kan ní primary, ẹ pe ìkejì ní secondary, kí ẹ sì ṣe view kan, ìyẹn ojú tí a fi ń wo tábìlì, tó jẹ́ primary nìkan. Èyí ni kí ẹ fún àlejò.

Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún wọn, ẹ wá ìràwọ̀ níbi mẹ́ta: RA 0 gan-an, ẹ̀gbẹ́ Polaris, àti Proxima. Tí ọ̀kan bá kùnà, ẹ padà sí ìpele kẹta.