Òwú Tó Ń Jóná: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Kọ́ìlì Vape

Iṣẹ́ fóònù ni mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke, n'Ílọrin. Àwọn tó ń fa vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, ló wá fi tiwọn kún un, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá láti àárọ̀ dalẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń rùn bí aṣọ tó jóná." Mo ti dáhùn títí ó fi sú mi. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á kó tó lọ náwó sórí kọ́ìlì tí kò nílò. Ẹni tí kò bá fa sìgá tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó ń wá nídìí vape, torí nikotíìnì máa ń di bárakú. Mi ò sì ń dá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lóhùn. Àwọn tó ti wà nídìí ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Gbogbo wa la mọ fìtílà. Òwú ń fa epo gòkè, epo ni iná ń jẹ. Bí epo bá tán, iná á yíjú sí òwú, èéfín á gba yàrá kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ́ìlì ṣe rí. Wáyà tín-ínrín tí wọ́n lọ́ róbótó ni, òwú wà nínú rẹ̀. Òwú ń mu omi vape (kì í ṣe omi mímu, àmọ́ "omi" lásán ni mo máa pè é láti ibí lọ) láti inú táǹkì, bátìrì ń mú wáyà gbóná, omi á wá di ohun tí gbogbo ayé ń pè ní èéfín. Ẹni tí èyí bá yé, ó ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìbéèrè: Kò tanná rárá.

Ìdáhùn: Ẹ ṣáàjì ẹ̀. Tó bá kún tí kò sì tàn, ẹ tẹ bọ́tìnnì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra. Ẹ ti tì í pa nínú àpò láì mọ̀ ni.

Ìbéèrè: Ó tàn, àmọ́ ó kọ ọ́ sójú pé òun ò rí kọ́ìlì.

Ìdáhùn: Omi ti dà sí ojú irin tí kọ́ìlì fi ń kan ara vape. Ẹ tú u, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú irin méjèèjì, ẹ dè é padà. Ẹ má fi gbogbo agbára dè é.

Ìbéèrè: Kọ́ìlì tuntun ni, fífà àkọ́kọ́ ló ti jó mi lọ́fun.

Ìdáhùn: Ẹ ò jẹ́ kí òwú mumi. Mo ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ra kọ́ìlì, síbẹ̀ wọn kì í rìn dé ìdí ọkọ̀ kí wọ́n tó fà á. Kí ẹ tó dè é, ẹ kán omi bíi mẹ́ta mẹ́rin sí ibi tí òwú ti hàn. Ẹ bu omi sí táǹkì, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ìṣẹ́jú bá pé, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹta láì tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti wáàtì (agbára iná tó ń mú wáyà gbóná) tó kéré jù. Òwú tó bá ti jó kan, ẹ jù ú nù. Kò sí omi tó máa wẹ ìjóná kúrò lára òwú.

Ìbéèrè: Wáàtì mélòó ni kí n fi í sí?

Ìdáhùn: Wọ́n kọ ọ́ sára kọ́ìlì. Ẹ gbé e sún mọ́ iná, ẹ kà á. Ohun tí ẹ̀ ń rí níbẹ̀ ni iye óòmù, ìyẹn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, àti wáàtì tí kọ́ìlì náà lè gbà. Ẹ máa rántí pé bátìrì tó kún máa ń wà ní fóòtì 4.2 (fóòtì ni agbára tó fi ń ti iná). Tí ẹ bá so ó mọ́ kọ́ìlì óòmù 0.8 láìsí ohun tó ń dín in kù, wáàtì 22 ló máa gbà. Tí wọ́n bá kọ 16 sí i gẹ́gẹ́ bí òpin, ẹ̀ ń sun òwú nìyẹn.

Ìbéèrè: Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti dúdú.

Ìdáhùn: Adùn inú omi yẹn ni. Sucralose ni wọ́n ń fi mú un dùn, ó sì ń gan mọ́ wáyà bí ìgbà tí ṣúgà bá jó mọ́ ìdí ìkòkò. Omi tó dùn bíi súìtì máa ń pa kọ́ìlì kíákíá. Èyí tí adùn rẹ̀ mọ níwọ̀n lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kọ́ìlì tí wọ́n ti di òwú sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ má gbìyànjú àtifi iná sun ún kó lè mọ́. Òwú yẹn ló máa jó. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín lọ́ ni ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún: ẹ yọ òwú, ẹ fi wáàtì kékeré mú wáyà pọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣàn án, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún. Wáyà nickel àti ti titanium, ẹ má mú wọn pọ́n láé.

Ìbéèrè: Ó ń jò.

Ìdáhùn: Ẹ wo rọ́bà tó wà nídìí kọ́ìlì bóyá ó ti já. Ẹ má rọ omi kún táǹkì dé ẹnu. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lóṣù kẹta tí oòrùn Ìlọrin ń hó. Omi á ṣàn bí omi lásán, á sì wá ọ̀nà jáde. Tó bá dà sọ́wọ́ yín, ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, torí nikotíìnì ń gba ara wọlé. Ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó ni kí ìgò yín máa wà.

Ìbéèrè: Ìyá mi ń hun aṣọ òfì, òwú pọ̀ nílé. Ṣé mo lè lò ó?

Ìdáhùn: Rárá. Mo mọ̀ pé òwú ò wọ́n wa n'Ílọrin, àmọ́ púpọ̀ nínú fọ́nrán tí àwọn ahunṣọ ń lò lónìí kì í ṣe òwú ti orí igi. Ike ló wà nínú òmíràn, ó máa yọ́ tó bá gbóná. Èyí tó jẹ́ òwú gidi, wọ́n ti rẹ ẹ́ láró tàbí kí wọ́n ti fi nǹkan sí i kó lè le. Gbogbo ìyẹn lẹ máa fà sẹ́dọ̀fóró. Òwú funfun tí kò ní nǹkan kan lára ni kí ẹ rà.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ òwú, mo ti pààrọ̀ omi, ó ṣì ń jó. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Mo mọ bó ṣe rí lára yín, torí ó ṣe èmi náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Táǹkì tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń lọ́ wáyà sí ni mò ń lò nígbà náà. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ètè gbogbo èèyàn ń sán, eruku ti bo pánù orí ilé. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fà á, ó gbá mi lọ́fun bí èéfín ata. Mo tú u, àárín òwú ti pọ́n. Mo fi òwú mìíràn sí i. Títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn, adùn rẹ̀ pé. Ilẹ̀ mọ́, ó tún jó.

Mo pààrọ̀ òwú lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo lọ́ wáyà tuntun. Mo já wáàtì wálẹ̀ láti 40 sí 25. Ìjóná dínkù, adùn náà sì bá a lọ. Mo wá gbà pé ayédèrú omi ni wọ́n tà fún mi. Mo gba ọjà lọ, mo pariwo lé ẹni tó tà á fún mi lórí lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó fún mi ní ìgò mìíràn láì gbowó. Ìyẹn náà jó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́, ojú sì tì mí gan-an.

Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo tó rí nǹkan. Táǹkì tó bá ń ṣe dáadáa, tí ẹ bá ti fà á tán, afẹ́fẹ́ kéékèèké á yọ gbùdùgbùdù láti ìdí wá sókè. Omi ló wọnú òwú, afẹ́fẹ́ wá gba àyè rẹ̀. Láàárọ̀ yẹn, mo fà á, mo wò ó títí, kò sóhun tó yọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ń yọ. Omi kan náà, òwú kan náà, wáyà kan náà. Òtútù nìkan ló yàtọ̀. Mo yí ìgò, mo kà á: VG 80, PG 20. VG ni gílísáríìnì, ó ki bí oyin. PG, ìyẹn propylene glycol, ló ń ṣàn. Tí òtútù bá mú gílísáríìnì, ńṣe ló máa ń ki sí i. Ojú fèrèsé ni mo sì máa ń gbé vape mi sí mọ́jú.

Àmọ́ òtútù nìkan kọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ń fa omi kan náà, tirẹ̀ kò jó. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tú u kí n wò ó. Òwú rẹ̀ kò ju ìdajì tèmi lọ. Èmi ti ń kì í bí ẹni ń kì ẹ̀tù sínú ìbọn, torí mo rò pé bí òwú bá ṣe pọ̀ tó lomi tó máa gbé ṣe máa pọ̀ tó. Bí òwú bá le pọ̀ jù nínú wáyà, omi ò ní rí ọ̀nà gbà. Lọ́sàn-án tí omi mi ṣàn, ó ń rá pálá kọjá. Láàárọ̀ tó ki, ọ̀nà dí pátápátá. Kí n sì tó dé ṣọ́ọ̀bù jókòó láti yẹ̀ ẹ́ wò, oòrùn ti mú un, kò ní sí àmì kankan mọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìwọ̀n rèé: tí ẹ bá ń fa òwú gba inú wáyà, kó máa lọ́ra díẹ̀. Tí wáyà bá ń tẹ̀ lé e, òwú ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Tó bá kàn ń yọ̀ gbèrè, ó kéré jù, wáyà á máa jó níbi tí òwú ò kàn. Ẹ gé orí méjèèjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ tú wọn kí wọ́n rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fara lé ẹnu ihò omi, ẹ má rún wọn mọ́bẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ lo VG 50, PG 50, àbí kí ẹ fi vape sápò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fà á láàárọ̀. Tí ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ka 30 kí ẹ tó tún un fà. Mo yọ ìdá kan nínú mẹ́ta òwú mi kúrò, kò sì tún jó láàárọ̀ títí ọyẹ́ fi lọ.

Ìbéèrè: Iye óòmù ń yí padà lójú ẹ̀, ara bátìrì sì ń gbóná.

Ìdáhùn: Ẹ dúró níbẹ̀. Ohun tó kù, ẹ lè dá a ṣe nílé, èyí ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Wáyà ti kan irin níbì kan nìyẹn, tàbí kí sikirú ti tú. Kọ́ìlì óòmù 0.15 lórí bátìrì fóòtì 4.2 ń fa áḿpíà 28 (áḿpíà ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn), bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ bátìrì 18650, àwọn róbótó tí wọ́n ń kì sínú vape, kò lè gbé ju 20 lọ. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì mọ́. Tí bátìrì bá ṣeé yọ, tí kò tíì wú, tí kò sì gbóná ju ohun tọ́wọ́ lè gbà, ẹ yọ ọ́, ẹ wo ike ara rẹ̀ bóyá ó ti ya. Ẹ wé e sínú aṣọ gbígbẹ lọ́tọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ àti owó irin má kàn án nínú àpò, kí ẹ wá gbé e tọ ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.