Ìbọn tó ń tàsé: ẹ má tíì fọwọ́ kan sìkóòpù yẹn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ lé ẹyẹ lóko ní Òṣogbo níbí, láti ọ̀nà Ìlobùú títí dé ọ̀nà Ìkìrun, ẹjọ́ kan náà lẹ máa ń rò: "ẹ̀gbọ́n, sìkóòpù tí mo rà ò dáa, mo wo ẹyẹ, ọta gba ibòmíì lọ." Lọ́pọ̀ ìgbà sìkóòpù, awò tí wọ́n ń dè sórí ìbọn láti fi wo ọ̀ọ́kán, ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èèyàn á yìn ín lẹ́ẹ̀kan, á rí i pé ó tàsé, á sáré yí nọ́ọ̀bù tó wà lára sìkóòpù, á tún yìn, á tún yí, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọta kéékèèké ìbọn afẹ́fẹ́, ti tán, ìbọn ò sì mọ ibi tó ń lọ mọ́.

Láísẹ́ńsì kọ́kọ́ ná o. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ò yọ ìbọn afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lẹ ti máa gbà á.

Ẹ wá ibi tí òkìtì ọ̀gán ńlá tàbí bèbè ilẹ̀ wà, kẹ́ ẹ gbé páálí síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé kò sí ọ̀nà oko lẹ́yìn ẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun kọ́ ni mò ń sọ o, lóòótọ́ ọdẹ ni Olútìmẹ́hìn tó wà lára àwọn tó tẹ ìlú yìí dó, àmọ́ wọn kì í pa ẹran níbẹ̀, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ gan-an mọ̀. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù, torí pẹ́lẹ́ẹ̀tì fúyẹ́, tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́ lọ́sàn-án atẹ́gùn á kàn gbé e gba ibi tó wù ú ni.

Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún sójú kan náà láti mítà 10, ẹ má yí nǹkan kan. Tí ihò márààrún bá kó ara wọn jọ, kódà kí wọ́n jìnnà sí àmì tẹ́ ẹ wò, ìbọn yín pé, ojú sìkóòpù nìkan ló kù. Tí wọ́n bá fọ́n káàkiri, ẹ gbàgbé nọ́ọ̀bù, àìsàn wà níbòmíì.

Èyí tó fọ́n ká ló ń dààmú èèyàn jù. Ẹ mú àlẹ́nkí, ẹ kọ́kọ́ fún àwọn sikúrúù tó di igi ìbọn mú, torí ìbọn onísípíríǹgì, àwọn tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín yẹn, ó máa ń ta sẹ́yìn kó tún ta síwájú lójú ẹsẹ̀, kò sí sikúrúù tí kì í tú. Ìyẹn náà ló ń ba inú sìkóòpù jẹ́ tí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹ wá fi báírò fa ìlà síbi tí ìdè sìkóòpù ti pàdé ìbọn, ẹ yìn ín díẹ̀ sí i, tí ìlà yẹn bá ti kúrò lójú kan, sìkóòpù ń yọ́ sẹ́yìn nìyẹn.

Ọwọ́ tiyín ńkọ́? Ẹ má gbé irú ìbọn yìí lé orí òkúta tàbí igi, ẹ má sì fún un mọ́ra. Ẹ la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kó jókòó lé e jẹ́jẹ́ bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ jòjòló, kẹ́ ẹ sì máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ síbi kan náà nígbà gbogbo, torí tí ojú bá ṣípò lẹ́yìn sìkóòpù, àgbélébùú inú ẹ̀ á dà bíi pé ó rìn.

Tí ihò bá ń tò lọ sókè sódò, ẹ lẹ bébà ìnuwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́, ẹ ki pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ yìn ín. Bébà yẹn fò? Rọ́bà ibẹ̀ ti jẹ. Ẹ má wá lọ da òróró ẹ̀ńjìnnì síbẹ̀ o, èéfín lásán ni yóò máa rú, á máa dún gbàù, ọta á máa fò sókè, rọ́bà tó kù á sì jóná.

Pẹ́lẹ́ẹ̀tì náà ò rí bákan náà, kó jẹ́ mílímítà 4.5 tàbí 5.5, ìbọn kan lè kórìíra èyí tí ìkejì ẹ̀ fẹ́ràn, ẹ gbìyànjú bíi oríṣi mẹ́ta.

Tí wọ́n bá ti kó jọ, ó yá, ọ̀rọ̀ kan nọ́ọ̀bù wàyí. Sìkóòpù tó pọ̀ lọ́jà, kílíkì kan, ìyẹn ìró kẹ́ kan tí nọ́ọ̀bù ń dún tẹ́ ẹ bá yí i, máa ń gbé ọta bíi mílímítà 7 ní mítà 100, ìyẹn bíi mílímítà 1.8 ní mítà 25. Ká ní ọta ń bà ní sẹ̀ǹtímítà 4 nísàlẹ̀ àmì ní mítà 25, kílíkì 22 lẹ máa yí síbi tí wọ́n kọ UP sí, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọta lọ ni ọfà yẹn ń sọ. Mítà 10 lẹ ti máa kọ́kọ́ fi sún mọ́ àmì, tó bá ń bà nísàlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ kò burú, orí ìbọn ni sìkóòpù jókòó sí, ní mítà 25 lẹ ti máa parí ẹ̀. Tí nọ́ọ̀bù bá yí dé òpin tí ọta ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ dá a padà sáàárín, kẹ́ ẹ fi pẹlẹbẹ ike tín-ín-rín sábẹ́ ìdè ẹ̀yìn.

Tí gbogbo ẹ̀ bá sú yín, ẹ tú sìkóòpù kúrò, ẹ fi ojú irin ara ìbọn yìn ín. Tí ihò bá kó jọ dáadáa, a jẹ́ pé sìkóòpù ló bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ lọ ra òmíì. Tó bá sì jẹ́ irú pẹ́lẹ́ẹ̀tì lẹ yí padà, ẹ tún un yìn lórí páálí kẹ́ ẹ tó gbé e wọ oko.