Ohun tí ojú mi rí nítorí háyà Ẹ̀fọ̀n

Kì í ṣe owó ló dùn mí jù, epo pupa ni. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Gáà Àkàǹbí níbí ní Ìlọrin. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi rán léèsì aláwọ̀ ewé tí àwa mẹ́rin fẹ́ wọ̀ níbi ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n Màámi tó pé ọdún 80 ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Òkúta tó wà lọ́rùn wọn, ọwọ́ ni mo fi lẹ̀ ẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Aṣọ yẹn ni epo dà sí lẹ́bàá títì ní Àjàṣẹ́ Ìpo, nítorí pé dẹ́rẹ́bà tí mo sanwó fún tà wá fún ẹlòmíì bí ẹni ta adìyẹ.

Màámi ti lé ní 70, eékún wọn ò sì gba kí wọ́n máa bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan kí wọ́n tún máa gun òmíì. Tí a bá ní ká wọ ọkọ̀ èrò, a ó wọ̀ dé Òmù-Àrán, a ó tún wọ̀ dé Ìdó tàbí Adó, ká tó wá máa wá èyí tó ń gun òkè lọ. Ọ̀nà náà lé ní 150 kìlómítà, òkè lórí òkè sì ni ìparí rẹ̀. Mo ní rárá, háyà la máa gbà. Àbúrò mi ọkùnrin dá díẹ̀ sí i, èmi náà dá tèmi.

Ìyàwó onílé wa ló júwe Àáfà kan fún mi. Sienna ló ní, ó mọ́ tónítóní, ẹ́síì rẹ̀ ń tutù. ₦120,000 ló kọ́kọ́ pè é, mo ní ₦80,000, a parí ẹ̀ sí ₦95,000. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, dẹ́rẹ́bà ò jẹ́ kéèyàn ná ọjà mọ́. Kí o tó lanu, ó ti ń ka iye jálá epo fún ọ. Mo fi ₦70,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, torí ó ní òun fẹ́ ra epo sílẹ̀ kí òun sì pààrọ̀ táyà kan. ₦25,000 tó kù, ó di Ẹ̀fọ̀n. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀. Ẹni tó ti gba 70 nínú 95, kí ló tún ń wá lẹ́yìn ẹ?

Aago méje àárọ̀ Ẹtì la gbéra: Màámi, èmi, àbúrò mi àti ọmọ mi obìnrin. Ọwọ́ ara mi ni mo fi to ẹrù sí búùtù. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa oní-lítà 25 dúró gbọn-in nísàlẹ̀, mo fi iṣu há a ní ọ̀tún àti òsì kó má baà ṣubú, báàgì aṣọ wá wà lókè pátápátá. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo ṣe é.

A ò tíì kọjá Gánmọ tí fóònù Àáfà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó gbé e, ó ní, “Mo ń bọ̀, ẹ fún mi ní wákàtí kan.” Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ni. Ó tún dún ní Amọ́yọ̀. Nígbà tí a fi dé Ìdófìán, ó ti di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ náà sì ti yí padà: “Alhaji, ẹ má fún ẹlòmíì o, ẹ dúró dè mí.” Màámi wò mí, mo wo Màámi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa.

Bí a ṣe dé Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà ti pínyà pẹ̀lú ti Òmù-Àrán, ó páàkì sábẹ́ igi kan. Ó ní òun fẹ́ wo táyà. Ó yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fẹsẹ̀ ta táyà tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ yẹn. Kò pẹ́ ni Golf kan dé, funfun tẹ́lẹ̀ rí, okùn ni wọ́n fi so bọ́ńpà iwájú rẹ̀ mọ́ra. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún 25 lọ bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màámi dáadáa.

“Màmá, àbúrò mi nìyí,” Àáfà ní. “Ó mọ ọ̀nà Èkìtì jù mí lọ. Òun ló máa gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ.”

Mo ní, “Àáfà, ẹ̀yin lẹ gba owó lọ́wọ́ mi.”

“Owó kan náà ni, Àǹtí. Kò sí àfikún.”

“Ṣé ọkọ̀ kan náà ni?”

Kò dáhùn. Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn ni ọmọkùnrin náà ti ṣí búùtù Sienna, ó ti ń kó ẹrù wa. Àbúrò mi ní kó dúró, Àáfà ní kó máa kó o. Fóònù tún dún. Kí n tó yíjú padà, Àáfà ti wọ mọ́tò, ó ti ṣẹ́rí padà sí ọ̀nà Ìlọrin, ó ń juwọ́ sí wa bí ẹni tó ń dágbére fún ará ilé. Mo pè é. Kò gbé e. Mo pè é ní ẹ̀ẹ̀kọkànlá, mo kà á.

Ìyá tó ń dín àkàrà létí títì ló gbé bẹ́ǹṣì fún Màámi. Ó ní, “Wọ́n ti tà yín nìyẹn. Gbogbo ìgbà ni mo ń rí i níbí.” Ó wá là mí lóye. Tí dẹ́rẹ́bà bá rí iṣẹ́ tó lówó lórí jù lẹ́yìn tó ti gba owó lọ́wọ́ ẹ, á wá ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò dára tó tirẹ̀, á fún un ní díẹ̀ nínú owó náà, á sì fi ìyókù sápò. Èrò ò ní mọ iye tí wọ́n tà á. Èmi tí mò ń ná ọjà pẹ̀lú àwọn aláṣọ láti ọdún wọ̀nyí, wọ́n tà mí, mi ò sì mọ iye tí mo jẹ́.

Ó kàn wá bọ́ sórí epo mọ́tò. Ọmọkùnrin náà ní tanki òun ò ní nǹkan nínú, kí n yọ ₦10,000 fún òun nínú ₦25,000 tó kù. Mo ní n ò yọ kọ́bọ̀. Ó jókòó sórí bọnẹ́ẹ̀tì, ó ní òun náà ò yára. Oòrùn ń mú, ọkọ̀ èrò tí a ò bá wọ̀ ń kọjá lọ sí Òmù-Àrán lọ́kọ̀ọ̀kan, Màámi ń jẹ àkàrà bí ẹni pé ibẹ̀ la ń bọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan mo fi owó náà fún un. Wákàtí kan mìíràn ló tún lò nílé epo. Ìgbà tó padà dé tó ní òun fẹ́ gbé jáàkì sí búùtù ni òórùn epo pupa bá mi nímú.

Ó ti dá kẹ́ẹ̀gì dùbúlẹ̀ sórí báàgì aṣọ, torí búùtù Golf kéré. Epo ń yọ́ jáde lábẹ́ ìdérí, ó ń gba ojú síìpù wọlé ṣìnṣìn. Mo fa aṣọ Màámi jáde. Àbàwọ́n pupa, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, àyà gan-an ló wà. Tèmi kàn án ní apá. Ti àwọn méjì tó kù yọ.

Màámi ní ká bu omi sí i. Mo ní ẹ má fi omi kàn án o! Ohun tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ mi nìyí: omi ò lè gbé epo, á kàn jẹ́ kó ràn kiri ni. Mo ra páúdà ọmọdé méjì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí, mo tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ǹṣì alákàrà, mo da páúdà bo àbàwọ́n náà mọ́lẹ̀. Á mu epo, á di pupa lẹ́búlẹ́bú, mo gbọ̀n ọ́n dànù, mo tún da òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Pupa náà lọ, ó ku yẹ́lò ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn tó ń kọjá rò pé òògùn ni mò ń ṣe.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù ká tó kúrò ní Àjàṣẹ́. Òmù-Àrán, Ọ̀tùn, Ìdó, Ìjerò, mi ò ní ìtàn kankan sọ nípa wọn. Màámi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Odò-Ọwá ni wọ́n, wọ́n ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe ọ̀nà àjèjì fún ìlú àwọn: Odò-Ọwá ni wọ́n bí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1904, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sì sin ín sí ní 1959. Ọmọkùnrin náà gbádùn ìtàn yẹn débi pé ó tú àṣírí. ₦40,000 ni Àáfà fún òun, ó ní kí òun gba ₦25,000 lọ́wọ́ wa. Ìyẹn ni pé Àáfà jẹ ₦30,000 láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́!

A kọjá Aramọkọ díẹ̀, ó dúró. Ó ní Adó ni Àáfà sọ fún òun, kì í ṣe Ẹ̀fọ̀n, pé òkè yìí ní owó tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Láti Ìdó, Ìfàkì ni wọ́n ń gbà lọ sí Adó. Kí lo wá wá dé Ìjerò?” Ó fọwọ́ họrí. Ká ní èmi nìkan ni, a ì bá sùn síbẹ̀. Màámi ló ní kí n fún un ní ₦10,000, pé ọmọ ẹlòmíì náà ni. Mo fún un, inú mi ò dùn sí i títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Òkè náà wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ń yí kọ́lọkọ̀lọ, àpáta lápá kan, ọ̀gbun tí igi bo ojú rẹ̀ lápá kejì. Golf wà ní jíà kẹta, ó bọ́ sí ìkejì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn gùn, ó gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pupa. Àbúrò mi ní kó tan hítà, kí ooru lè rí ibi jáde. Nínú oòrùn ọ̀sán, hítà! A ṣí gbogbo wíńdò, òógùn ń ṣàn, Màámi fi gèlè nu ojú. Síbẹ̀ èéfín yọ lábẹ́ bọnẹ́ẹ̀tì. Ó dúró, ó sáré mú àkísà, ó fẹ́ ṣí ìdérí ràdíétọ̀. Àbúrò mi dì í lọ́wọ́ mú. Omi tó ń hó tí wọ́n dé mọ́nú, tí wọ́n bá ṣí i lójijì, ojú ẹni tó ṣí i ló máa tú sí. Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró kó tó tutù, atẹ́gùn òkè ń fẹ́ wa. Ibẹ̀ rẹwà o. Mi ò lè purọ́.

Aago márùn-ún kọjá ká tó wọ Ẹ̀fọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo yá máṣíìnì aládùúgbò wọn kan, mo já aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n rí fún mi nínú àpótí, mo fi ṣe ọnà sí àyà aṣọ Màámi láti èjìká dé ìbàdí, mo fi ìyókù sí apá tèmi. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin méjì béèrè lọ́wọ́ mi pé irú sítáìlì wo nìyẹn, wọ́n sì fún mi níṣẹ́. Mi ò sọ fún wọn pé epo wà lábẹ́ ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ará Ẹ̀fọ̀n ni mo háyà padà, ₦85,000, Camry. Kí n tó bá a dúnàádúrà rárá ni mo ti bi í pé ṣé òun fúnra rẹ̀ ló máa wakọ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo ya nọ́ńbà mọ́tò níwájú rẹ̀, mo san ìdajì, mo ní ìdajì di Gáà Àkàǹbí. Kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo, mo gbé e sínú bàsíà. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ó fa jíà sí 2, ẹ́ńjìnnì ń kùn hùn-ùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kan bíréèkì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Àǹtí, jíà ló ń gbé mọ́tò sọ̀ òkè, bíréèkì kàn ń bá a gbé e ni. Tí bíréèkì bá gbóná jù, kò ní gbọ́ràn sí èèyàn lẹ́nu mọ́.” Màámi sùn títí dé Òmù-Àrán.

Ìyàwó onílé ló bá mi dé ọ̀dọ̀ Àáfà. ₦5,000 ló fi ránṣẹ́, ó ní kí n fi ra ọṣẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, ó ní òun gbọ́ pé a fẹ́ lọ sí Òṣogbo, pé Sienna wà nílẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ wá gbé aṣọ Màámi lọ fọ̀.