Bí mo ṣe mọ jíìnì àwọ̀ tí àwọn ọmọ òjòlá jogún

Ọmọ 6 ló jáde nínú ẹyin òjòlá kékeré tí àwa olùsìn ń pè ní ball python, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Pastel, ìyẹn irú tí ìyeyè ara rẹ̀ mọ́ ju ti igbó lọ, ni bàbá wọn, àfín sì ni ìyá tó bí i. Ìyá wọn rí bí èyí tó wà nínú igbó, ṣùgbọ́n àfín ni bàbá tirẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Jíìnì àfín kì í yọjú àfi tí ọmọ bá gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Òbí méjèèjì gbé e pamọ́ síkùn, nítorí náà ẹyin kọ̀ọ̀kan lè di àfín nígbà 1 nínú 4. Ti pastel yàtọ̀: ẹyọ kan ti tó kó hàn lára. Mo tún wò ó bóyá akọ mìíràn ti gun ìyá yìí rí, torí abo òjòlá a máa fi àtọ̀ pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí.

N kì í dájọ́ kí ọmọ tó bọ́ awọ àkọ́kọ́, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 lẹ́yìn tó jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ara rẹ̀ ṣì ṣú. Ojúmọmọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti yẹ̀ wọ́n wò, lórí aṣọ funfun. Iná gílóòbù tó pọ́n a máa sọ gbogbo wọn di pastel.

Ẹyinjú ni mo kọ́kọ́ wò. Ti ọ̀kan pupa, ara rẹ̀ funfun pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, kò sí dúdú kankan: àfín nìyẹn. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé jíìnì TYR, tí ara fi ń ṣe àwọ̀ dúdú, ló bàjẹ́ lára irú àfín yìí.

Pastel jẹ́ 3. Ìyeyè wọn mọ́ kedere, orí wọn ṣá, ojú wọn ń fà sí àwọ̀ ewé. Ìgbà tí mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn 2 tó rí bíi ti igbó ni ìyàtọ̀ náà hàn dáadáa. Mo ya fọ́tò wọn lójú ẹsẹ̀, torí pastel a máa ṣú bó ṣe ń dàgbà.

Ọ̀kan nínú àwọn 2 yẹn ní ilà gbọọrọ lẹ́yìn. Ẹ má sáré pè é ní jíìnì tuntun! Ẹyin ń fẹ́ ìgbóná 31 sí 32°C. Bí iná ọba bá lọ tí ìgbóná ń lọ sókè sódò, àmì ara ọmọ lè dàrú. Àfi tí ọmọ tirẹ̀ bá tún ní in.

Àwọn 5 tí kì í ṣe àfín ló le jù. Nínú ọ̀nà 4 tí jíìnì lè gbà pín, tí a bá yọ àfín kúrò, ó ku 3, 2 nínú wọn sì gbé àfín pamọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ 66% síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹni tó bá fẹ́ ìdánilójú, kó jẹ́ kó bá àfín gùn nígbà tí abo bá tó nǹkan bí 1,500 gíráàmù. Ọmọ àfín 1 péré ti parí ẹjọ́. Bí ọmọ 6 bá jáde tí kò sí àfín, ó ṣì lè gbé e pamọ́, torí èyí tó gbé e pamọ́ lè bí ọmọ 6 láìsí àfín nígbà 1 nínú 64. Mo ti sá awọ àkọ́kọ́ wọn gbẹ níbòòji, mo kọ nọ́ńbà sára àpòòwé kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹni tó máa rà wọ́n á fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò.