Tírélà Sójà Mẹ́rin Lórí Ara Wọn, láti San Antonio dé Houston

Ẹ má ro ti tírélà akóǹtéínà tó ń dí ọ̀nà Àpápá o. Onítáyà méjì ni èyí tí mò ń sọ, èyí tí àwọn sójà Amẹ́ríkà máa ń so mọ́ ìdí Humvee, ọkọ̀ jíìpù ńlá tiwọn, kí wọ́n fi kó ẹrù. M1102 ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ Silver Eagle ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, ló ń ṣe é. Alumíníọ̀mù ni bọ́dì rẹ̀, kì í dípẹtà, ẹrù tó sì lè gbà pọ̀. Bí ìjọba bá lò ó tán, wọ́n á tà á ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kánópì, àga àti tábìlì ni mo fi ń ṣòwò níbi àríyá àwọn èèyàn wa ní Houston, ó sì ti pẹ́ tí irú tírélà yìí ti ń wù mí. Mẹ́rin ni mo rà: méjì tèmi, méjì ti àwọn ọ̀rẹ́ tó ní kí n bá àwọn dá sí i.

San Antonio ni wọ́n wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 máìlì sílé. Ẹni bá fẹ́ fà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò pàdé wàhálà. Òrùka irin ló wà lọ́rùn wọn, ìyẹn irin gígùn tí wọ́n fi ń so wọ́n mọ́ ọkọ̀, kò sì bá bọ́ọ̀lù tó wà nídìí píkọ́ọ̀pù mu. Iná wọn ń lo fóólìtì (volt) 24, ti ọkọ̀ wa sì jẹ́ 12. Táyà tó ti dúró sójú kan nínú oòrùn látìgbà pípẹ́, ta ló fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé e lórí I-10, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Houston? Mo pe ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Iye tó dá, mo dúpẹ́, mo sì pa fóònù.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lófìfo fi díẹ̀ lé ní 1,400 páùndì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó 6,000. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe wẹ́dà ní tírélà pẹrẹsẹ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20, èyí tí pẹpẹ rẹ̀ ga ju táyà lọ, tí wọ́n sì kọ 14,000 páùndì sí lára gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí òun àti ẹrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi.” Wọ́n ní, “Mi ò ní yá ọ, èmi fúnra mi ni màá tẹ̀ lé ọ lọ.” Inú mi dùn, torí wọ́n mọ̀ nípa ẹrù dídì jù mí lọ.

Nínú ọgbà tí tírélà wà ní San Antonio, wọn yóò fi forklift, ọkọ̀ tó ń fi irin gbé ẹrù sókè, bá èèyàn gbẹ́rù, ṣùgbọ́n wọn kì í di ẹrù fún ẹnikẹ́ni. Ète wa ni pé kí méjì jókòó sórí pẹpẹ, ká sì dojú méjì yòókù délẹ̀ lórí wọn, láìsí táyà. Kí forklift tó sún mọ́ wa, a ti ń tú táyà. Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra gan-an. Nọ́ọ̀tì oríṣi méjì ló wà lójú táyà Humvee, irú èyí tí tírélà yìí ń lò. Àwọn tó wà nínú ló so táyà mọ́ tírélà. Àwọn tó wà lọ́nà ìta ló so rímù méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹni bá tú tìta nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà, rímù yẹn lè fò yọ, ó sì lè pààyàn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣọ́ọ̀kì funfun yí gbogbo èyí tá a máa tú ká kí ọwọ́ má baà ṣìnà. A fọ́n òróró sí wọn, a jẹun, a wá fi páìpù gùn sí ìdí sípánà kí wọ́n tó gbà láti yí.

Inú bọ́dì méjì tó máa wà nísàlẹ̀ la tò táyà sí. Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí tí ẹ bá ti da ìkejì bò ó, kò sí ibi tí ẹ óò gbà ki táyà wọlé mọ́. A tún tú iná ẹ̀yìn kúrò lára àwọn tá a máa dojú wọn délẹ̀.

Forklift gbé méjì àkọ́kọ́ sórí pákó lórí pẹpẹ, ọrùn ọ̀kan síwájú, ọrùn èkejì sẹ́yìn. A fi bẹ́líìtì dè wọ́n mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ọwọ́ ṣì lè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá tó ń wa forklift fi bẹ́líìtì fa ọrùn ìkẹta sókè, ó fi ìdí rẹ̀ dúró lórí pákó, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ dojú délẹ̀. Bàbá yẹn mọṣẹ́, kò kánjú rárá.

Nígbà tó kù kó gbé e lé ti ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi pariwo pé kó dúró. Wọ́n to igi oníga íǹṣì mẹ́rin sí ìbú lórí etí bọ́dì ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí igi níbẹ̀, ibo ni irin forklift máa gbà yọ? Etí méjèèjì ì bá há a mọ́. Igi yìí kan náà ni kò jẹ́ kí alumíníọ̀mù máa ha alumíníọ̀mù lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ìkẹrin.

Ní ti bẹ́líìtì, mi ò ṣahun. Oníbùú íǹṣì méjì là ń lò, tí wọ́n kọ 3,333 páùndì sí lára gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó lè dì mú. Òfin ìjọba àpapọ̀ fún àwọn akẹ́rù ni pé àpapọ̀ agbára bẹ́líìtì kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlàjì ìwọ̀n ẹrù. A di tòkè mọ́ tìsàlẹ̀, a tún wá di gbogbo rẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Gíga rẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ bàtà 11, Texas sì gba 14. Mo so aṣọ pupa mọ́ ọrùn tó yọ sẹ́yìn.

Ní Seguin la ti kọ́kọ́ dúró wò ó. Bẹ́líìtì méjì ti dẹ̀, torí pákó ti jókòó dáadáa. A fún un, a sì ń lọ. Láti ibẹ̀ dé Columbus, títí dé Katy, ohunkóhun ò mì mọ́.

Nílé, irin wíńṣì inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi la fi sọ̀ wọ́n, tòkè kọ́kọ́. Iná ni mo pààrọ̀ sí oní-fóólìtì 12. Ìwé SF 97, èyí tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé àwọn ta ọkọ̀ fúnni, ni mo fi gba nọ́ńbà. Méjì tèmi ti ń kó kánópì káàkiri. Ti àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé mi, mo sì ti sọ fún wọn pé owó ìpamọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn.