Kí ẹ tó gbé Linux sórí tábúlẹ́ẹ̀tì àlòkù

Ẹ̀yin ará wa ní Kàbbà, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, okun o! Bí ẹ bá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì àlòkù torí Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows), èyí tó ń lo Windows pẹ̀lú ọpọlọ (processor) Intel Atom ni kí ẹ wá. Ti Android máa ń fa wàhálà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti ti bootloader rẹ̀ pa, ìyẹn ètò tó ń gbé Android dìde.

Ibi tó ti ń há nìyí. Ọpọlọ Atom Z3735F jẹ́ 64-bit, àmọ́ UEFI, ètò kékeré tó ń jí tábúlẹ́ẹ̀tì náà, sábà máa ń jẹ́ 32-bit. Ẹ ṣí fláàṣì tí ẹ kọ Linux sí, kí ẹ wo EFI/BOOT. Bí bootx64.efi nìkan ló wà níbẹ̀, tí kò sí bootia32.efi, kò ní gbéra. Fláàṣì ò bàjẹ́ o, ẹ má lọ ra òmíràn! Fedora, ọ̀kan lára oríṣi Linux, ti ń gba UEFI 32-bit láti ẹ̀dà 27.

Ihò USB kan ṣoṣo ni púpọ̀ wọn ní, òun náà la sì fi ń cháàjì. Ẹ ra OTG hub, tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, fún kíbọ́ọ̀dù àti fláàṣì, kí ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kí wọ́n tó mú iná lọ. Ẹ pa Secure Boot, ààbò inú UEFI tó lè dí Linux lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò láti orí fláàṣì: Wi-Fi, ohùn, ìfọwọ́kàn. Kí ẹ tó pa Windows rẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà C:\Windows\System32\drivers pamọ́. Bí ìfọwọ́kàn ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Silead, inú fáìlì SileadTouch.sys níbẹ̀ ni firmware rẹ̀ (ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́) sábà máa ń wà. Fún RAM 2GB, Xfce tàbí LXQt, ojú iṣẹ́ (desktop) Linux tó fúyẹ́, ni kí ẹ lò.